Ìwé ọmọdé ń já ní ilé ìkàwé ilé ìwé wa

Olùkọ́ kíláàsì kẹta: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ní ìwé bíi 200. Ewé wọn ń já, sẹ́lótéèpù tí a fi lẹ̀ wọ́n sì ti pọ́n. Báwo la ṣe máa tún wọn ṣe, kí a sì tò wọ́n kí àwọn ọmọ lè rí wọn mú fúnra wọn?

Atúnwèéṣe: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lo sẹ́lótéèpù mọ́. Ooru máa ń yọ́ àtè rẹ̀ wọnú bébà. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ló dára. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré fà á sí etí ewé tó já, kó má ju mìlímítà 3 lọ, ẹ tì í wọ ibi àránpọ̀. Ẹ fi ọ̀rá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kí ewé mìíràn má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ gbé nǹkan wúwo lé e di ọjọ́ kejì. Bí gọ́ọ̀mù bá pọ̀ jù, bébà á ká kò.

Ìyá Ìkàwé: Nọ́ńbà Dewey gígùn, ìyẹn nọ́ńbà tí ilé ìkàwé fi ń pín ìwé sí ìsọ̀rí, kò pọn dandan fún ìwé 200. Ẹ lo àmì aláwọ̀: pupa fún ìwé àwòrán, búlúù fún ìtàn, yẹ́lò fún ìwé ìmọ̀. Bí wọ́n bá pọ̀ sí i, 398.2 ni nọ́ńbà Dewey ti àlọ́. Ẹ jẹ́ kí èèpo ìwé àwòrán kọjú síta. Ìwé àwòrán tín-ín-rín jù láti dá mọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí pẹpẹ má ga ju sẹ̀ǹtímítà 120 lọ, kó sì jìnnà sí ògiri díẹ̀, torí ọ̀rinrin àti ikán.

Olùkọ́ kíláàsì kẹta: Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ṣé ká fi ọ̀rá bo èèpo wọn?

Atúnwèéṣe: Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ọ̀rá ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ ọ̀rá, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ èèpo.