Bàbà (copper) tó láhun tó báyìí, kí ló dé tí wọ́n fi ń lò ó nínú ìbọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù?

Tíṣà Samaru:
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS3 níbí ní Samaru, Zaria. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ṣe àdánwò tí Hallwachs ṣe ní 1888 fún wọn. Mo tú sínkì ara bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ti kú, mo fi sáńpépà ha á títí ó fi ń dán, mo gbé e lé orí electroscope (ohun èlò tí ewé fóìlì rẹ̀ máa ń gbé sókè bí charge bá wà lára rẹ̀) tí a fi ìgò jáàmù ṣe, mo sì fún un ní negative charge. Ọyẹ́ dára fún irú iṣẹ́ yìí, afẹ́fẹ́ gbẹ táútáú, charge kì í tètè sá lọ. Mo wá tan gílóòbù UV (ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í rí) tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ 254 nm sí i, irú èyí tí àwọn olómi inú ọ̀rá fi ń pa kòkòrò. Ewé fóìlì náà wálẹ̀ kí n tó ka mẹ́wàá, torí ìmọ́lẹ̀ náà ń lé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára sínkì. Àwọn ọmọ hó yèè!

Nígbà tí mo fi bàbà rọ́pò sínkì, páìpù AC tí mo là tí mo sì tẹ́ pẹrẹsẹ, ewé ò mira rárá. Bẹ́ẹ̀ mo kà pé bàbà ni SLAC, ilé ìwádìí kan ní California, fi ṣe kátóòdù (ojú tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń jáde) inú ìbọn tó ń yin ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sínú LCLS, ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ tan lésà X-ray rẹ̀ ní 2009. Fótọ́ọ̀nù (ẹyọ ìmọ́lẹ̀) 100,000 lè lu bàbà kó tó jọ̀wọ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan tàbí méjì. Cesium telluride, èròjà mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe kátóòdù, lè fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún fótọ́ọ̀nù mẹ́wàá. Kí ló dé tí wọ́n fi ọ̀làwọ́ sílẹ̀ lọ mú ahun?

Ọmọ Ìlọrin ní Gwagwalada:
Ẹ kú iṣẹ́, sà. Photocathode onírin (kátóòdù irin tí ìmọ́lẹ̀ ń lé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde lára rẹ̀) ni mo ń fi ṣe PhD, ìbéèrè yín dùn mọ́ mi gan-an.

Ṣé ẹ ha bàbà yẹn lọ́jọ́ náà gan-an? Bàbà ń gba nǹkan bí 4.6 eV (ìwọ̀n agbára) kí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó lè jáde. Fótọ́ọ̀nù 254 nm gbé 4.88 lọ́wọ́. Ohun tó ṣẹ́kù kò tó nǹkan. Oxide (ìpẹtà) fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí ọ̀rá ìka ọwọ́ ti tó láti tì í pa. Sínkì ń gba nǹkan bí 4.3, ààyè tirẹ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kódà inú òfìfo (vacuum, ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí), wọ́n ṣì ń fi lésà fọ ojú bàbà.

Ṣùgbọ́n èrè wà nínú ahun yẹn. Bí agbára tó ṣẹ́kù bá ṣe kéré tó ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò ṣe ní fọ́nká tó nígbà tó bá jáde, lésà X-ray sì fẹ́ kí wọ́n kóra jọ. Cesium telluride ń bẹ̀rù afẹ́fẹ́ débi pé inú àpótí òfìfo ni wọ́n ti ń gbé e dé inú ìbọn. Bàbà lè jẹ́ ògiri ìbọn náà gan-an.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù: ká ní wọ́n fẹ́ yin 250 pC (picocoulomb, ìwọ̀n charge) lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn jẹ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bíi bílíọ̀nù 1.56. Bí ọ̀kan bá ń jáde nínú 100,000, lésà 266 nm gbọ́dọ̀ gbé nǹkan bí 116 microjoule wá lẹ́ẹ̀kan. Nígbà 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, milliwatt 14 péré ni. Ṣùgbọ́n LCLS-II, ẹ̀rọ tó tẹ̀lé LCLS, lè yìnbọn tó mílíọ̀nù kan ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bàbà á wá béèrè watt 116 ti UV! Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi cesium telluride síbẹ̀.

Bàbá Kubwa:
Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan wo gílóòbù yẹn o. Mo ti ṣiṣẹ́ nílé omi inú ọ̀rá rí. Mo ṣí ìdérí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, nígbà tó di alẹ́, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n da yanrìn sí mi lójú. Àbúrò, mágínísíọ̀mù ńkọ́?

Ọmọ Ìlọrin ní Gwagwalada:
Ẹ ṣeun, sà. Bíi 3.7 eV ló ń gbà. Bí wọ́n bá fi lésà fọ̀ ọ́ dáadáa, ó lè tó ẹyọ kan nínú 1,000, ṣùgbọ́n oxide tètè ń bò ó.

Tíṣà Samaru:
Ẹ̀yin méjèèjì, mo dúpẹ́ gan-an. Bàbá, mo ti gbé gílóòbù náà sínú páálí, ihò kékeré kan ṣoṣo ni mo dá sí i. Láàárọ̀ yìí mo ha bàbà náà, mi ò fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Mo gbé gíláàsì wíńdò, tí kì í jẹ́ kí UV yìí kọjá, sáàárín, ewé dúró. Mo gbé gíláàsì kúrò, ewé tún ń wálẹ̀.