Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Báwo ni kí n ṣe to àwòrán ẹyẹ àti ẹranko oko wa sínú álíbọ́ọ̀mù orí kọ̀ǹpútà?

Abilékọ láti Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Oko kòkó bàbá mi, lẹ́yìn ìlú níbí, ni mo ti ya èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àwòrán tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo ní ti lékèélékèé, mo ní ti ẹ̀gà lọ́pọ̀ yanturu nítorí àwọn ọ̀pẹ tó yí abà wa ká, mo sì ní ti ọ̀kẹ́rẹ́, labalábá, alángbá, àti agẹmọ kan tó ń rìn lórí okùn tí a ń sá aṣọ sí (ẹranko ni mo ń wí o, kì í ṣe èyí tí obìnrin kì í wò). Mo fẹ́ kó wọn jọ sínú álíbọ́ọ̀mù kan tí màá tò lórí kọ̀ǹpútà, tí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan yóò ní àwòrán, ọ̀rọ̀ díẹ̀ àti ọ̀ṣọ́ tirẹ̀, kí n sì tẹ ẹ̀dà kan jáde fún bàbá mi, tí wọ́n ṣọdẹ nígbà tí ara wọn ṣì le, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lè dé oko mọ́.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Àwòrán náà pọ̀, n kò sì mọ èyí tí ó yẹ kí n fi sílẹ̀. Bí mo bá kó mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án sójú ìwé kan, yóò kún dẹ́nu, ojú kò ní mọ ibi tí yóò wò. Àbúrò mi ọkùnrin ni ó ya àwọn kan létí odò, WhatsApp ni ó sì fi fi wọ́n ránṣẹ́. Ṣé wọ́n á dára bí a bá tẹ̀ wọ́n sórí ìwé? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá ní kí n gé lékèélékèé kúrò nínú ẹrẹ̀ tí ó dúró sí, kí n fi òkè ńlá àti òdòdó tí a rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn rẹ̀. Ọkàn mi kò gbà á, àmọ́ n kò rí àlàyé tí mo lè fi dá wọn lóhùn. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí ó ti pẹ́ àti fóònù ni mo ní, n kò sì fẹ́ ètò tí a ó máa san owó fún lóṣooṣù.

Bàbá Atẹ̀wé, Ìjẹ̀bú Òde

Ẹ kú ìbéèrè, ìyá wa. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ń ṣe, nítorí náà ọ̀rọ̀ WhatsApp ni màá kọ́kọ́ mú. Bí a bá fi àwòrán ránṣẹ́ lórí rẹ̀ bí a ṣe sábà máa ń ṣe, yóò fún un pọ̀ kí ó lè fúyẹ́, ohun tó bá sì ti bọ́ lára rẹ̀ kò ṣeé dá padà. Ẹ ní kí àbúrò yín tún wọn fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document. Èyí tó dára jù ni kí ó fi okùn so fóònù rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà yín nígbà tó bá wálé, torí ìyẹn kì í jẹ dátà rárá, ọmọ Rẹ́mọ sì ni wá, a kì í ná owó tí kò yẹ ní níná.

Ìwé tí a bá fẹ́ kí ó jáde dáadáa máa ń fẹ́ píksẹ́lì (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 300 nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan. Bí ojú ìwé yín bá jẹ́ íǹṣì 8 ní ìbú àti íǹṣì 8 ní òró, ẹ ṣí i ní píksẹ́lì 2400 sí 2400. Bí ó bá jẹ́ íǹṣì 12, kí ó jẹ́ 3600 sí 3600. Kámẹ́rà fóònù oní-megapixel 12 (ìyẹn mílíọ̀nù píksẹ́lì 12) sábà máa ń yọ àwòrán tó jẹ́ píksẹ́lì 4000 sí 3000, nítorí náà odindi àwòrán kan lè kún ojú ìwé íǹṣì 8 láìsí ìyọnu. Ibi tí ìyọnu ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí a bá gé ẹyẹ kékeré kan jáde láti àárín àwòrán náà. Bí ẹyẹ ọ̀hún kò bá ju píksẹ́lì 600 lọ, íǹṣì 2 péré ni ààyè tó tọ́ sí i lórí ìwé, bó ti wù kí ó dára tó lójú fóònù.

Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ ẹ̀yìn ojú ìwé fi ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì kan kọjá ibi tí ọ̀bẹ atẹ̀wé yóò gé, ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí ọ̀bẹ máa ń yẹ̀ díẹ̀. Ẹ má sì gbé orí ẹranko kankan sí ibi tí ìwé ti ṣẹ́po láàárín. Mo ti rí lékèélékèé tí gọ́ọ̀mù gbé ẹnu rẹ̀ mì.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ìjẹ̀bú Igbó

Àbúrò mi, àwòrán kan ni kí o fi ṣe olórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ó gba ààyè tó pọ̀ jù, kí méjì tàbí mẹ́ta kéékèèké sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí wọ́n bá ní ohun tí wọ́n fi kún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èyí tí kò bá sọ ohun tí èkejì rẹ̀ kò tíì sọ, fi í sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ rẹwà.

Wo ọ̀rọ̀ ẹ̀gà tí o ní lọ́pọ̀. Akọ ni ó ń hun ìtẹ́. Yóò já imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́, yóò fi ṣe òrùka kan sára ẹ̀ka, yóò sì máa hun ún lọ láti ibẹ̀ títí yóò fi di ìtẹ́ tí ẹnu rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò so rọ̀ lábẹ́ rẹ̀, tí yóò máa gbọn ìyẹ́ apá rẹ̀ láti fi pe abo. Abo yóò wọlé lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìtẹ́ tí ewé rẹ̀ ṣì tutù ni ó sábà máa ń wù ú. Èyí tí ó bá pẹ́ títí tí ó fi gbẹ, tí abo kankan kò gbà, akọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò tú u palẹ̀ kí ó lè hun òmíràn. Wá inú àwòrán rẹ wò dáadáa bóyá o ní ẹyẹ tí imọ̀ ọ̀pẹ wà lẹ́nu rẹ̀, o ní òrùka, o ní ìtẹ́ tútù, o sì ní èyí tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bí o bá tò wọ́n tẹ̀ léra lójú ìwé méjì tó dojú kọra, ẹni tí kò dé oko rí yóò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀pẹ yẹn. Èyí tí kò bá sí, o ṣì lè padà lọ yà á, nítorí ẹ̀gà kì í kúrò níbi tó bá ti rí ọ̀pẹ.

Ní ti ẹ̀gbọ́n rẹ, fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé inú koríko àti ẹrẹ̀ yẹn ni oúnjẹ lékèélékèé wà. Kòkòrò tó ń ta jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ màlúù àti lábẹ́ ọkọ́ àgbẹ̀ ni ó ń tẹ̀ lé kiri. Bí a bá gbé e sórí òkè olódòdó, a ti já oúnjẹ gbà lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ọdẹ sì ni bàbá rẹ. Wọ́n á kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè ibi tí ẹyẹ náà dúró sí kí wọ́n tó yìn ọ́.

Ọmọ Ṣàgámù

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni GIMP, ètò kan tí a fi ń tún àwòrán ṣe, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Canva, tí a fi ń to ojú ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, rọrùn jù ú lọ, apá kan rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà ni ẹ lè gbádùn rẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ jẹ́ kí àwòrán, ọ̀rọ̀ àti ọ̀ṣọ́ wà lórí ìpele ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ lè sún ọ̀kan láìba èkejì jẹ́. Ẹ fi ojúlówó àwòrán pamọ́ sí fódà kan tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn, nítorí gbogbo ìgbà tí a bá ń tún JPEG (irú fáìlì àwòrán tó wọ́pọ̀) ṣe, tí a sì ń tọ́jú rẹ̀ lé ara rẹ̀, ni ó ń pàdánù díẹ̀díẹ̀.

Lórí àwọ̀ ẹ̀yìn ìwé, ara ẹranko náà àti ibi tó wà ni kí ẹ ti mú un. Àwọn bàbá wa ti sọ pé agbe ló láró, àlùkò ló lósùn, lékèélékèé ló lẹfun. Bí ẹ bá wá gbé oní-ẹfun sórí ìwé funfun, kò ní hàn. Ẹ lo irinṣẹ́ tí a fi ń fa àwọ̀ jáde lára àwòrán, kí ẹ fà á lára koríko tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tó ti ṣókùnkùn jù, kí ẹ sì fi àwọ̀ ewé yẹn kun ojú ìwé. Ìgbà mìíràn tí ẹ bá ń yà á nínú oòrùn, ẹ tẹ ojú fóònù níbi tí ẹyẹ náà wà, kí ẹ fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, nítorí ibi tí ìyẹ́ rẹ̀ bá ti funfun jù nínú àwòrán, kò sí ètò tó lè wá ìlà ìyẹ́ náà rí mọ́.

Ẹ̀gbọ́n láti Ìpẹrù

Mo gbà pẹ̀lú ìyá olùkọ́ lórí ọ̀rọ̀ òkè olódòdó, ṣùgbọ́n mo rí i pé gbogbo yín fẹ́ẹ́ fi òfin dè é mọ́lẹ̀. Ẹ̀bùn ni, kì í ṣe ìwé ìdánwò, ọ̀ṣọ́ sì jẹ́ ìdajì adùn iṣẹ́ yìí. Kí ó kàn rí i pé inú oko náà ni ọ̀ṣọ́ ọ̀hún ti wá. Kí ó já ewé kòkó kan, imọ̀ ọ̀pẹ kan, kí ó mú ìyẹ́ tó bá já bọ́ sílẹ̀, kí ó tẹ́ wọn sórí aṣọ funfun lábẹ́ ibòji, kí ó dúró gangan lórí wọn yà wọ́n, kí ó sì gé aṣọ náà kúrò lẹ́yìn wọn lórí kọ̀ǹpútà. Irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní PNG ni kí ó fi tọ́jú wọn, nítorí JPEG yóò dá ẹ̀yìn funfun padà sí i. Bí ó bá fún wọn ní òjìji díẹ̀, wọn yóò dà bí ohun tí a fi ọwọ́ lẹ̀ mọ́ ìwé lóòótọ́, àmọ́ apá kan náà ni kí òjìji gbogbo wọn wọ́ sí. Mo tún rò pé bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ní aṣọ ọlọ́nà àtijọ́, irú èyí tí àwọn ahunṣọ Ìjẹ̀bú máa ń hun àwòrán ọ̀pọ̀lọ́ àti ọ̀nì sí, kí ó ya etí rẹ̀, kí ó sì fi ṣe bọ́dà ojú ìwé àwọn ẹranko odò.

Abilékọ láti Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀. Màá mú íǹṣì 8, màá sì gbìyànjú GIMP. Ó ku ọ̀rọ̀ tí màá kọ síbẹ̀. Ṣé orúkọ ẹranko nìkan ló tó, àbí kí n kọ ìtàn? Àbúrò mi tún ní àwòrán ojú ẹsẹ̀ erin tí ó yà ní apá kan tí wọ́n ń pè ní J4 nínú Igbó Ọmọ, mo sì mọ̀ pé òun ni bàbá yóò fẹ́ràn jù. Mo fẹ́ fi ojú ìwé yẹn hàn lórí Facebook pẹ̀lú.

Ẹ̀ṣọ́ Igbó, Ìjẹ̀bú Ìlà-Oòrùn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ lórí èyí. Igbó Ọmọ, tí UNESCO ti kà mọ́ àwọn igbó tí wọ́n ń dáàbò bò láti 1977, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi díẹ̀ tí erin ṣì kù sí nílẹ̀ Yorùbá. Ní 2021, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá inú igbó, fi erin inú igbó Áfíríkà sí ìpele ewu tó kẹ́yìn kí ẹranko tó pòórá pátápátá nínú igbó. Fóònù tí a kò bá pa àmì ibi lórí rẹ̀ máa ń kọ ibi gan-an tí a ti ya àwòrán sínú fáìlì, fáìlì tí a bá sì fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document, bí Bàbá Atẹ̀wé ṣe wí, máa ń gbé àmì náà lọ pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí ewu láàárín ẹ̀yin àti àbúrò yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi ojúlówó fáìlì náà fún ẹlòmíràn. Nínú ìwé bàbá, ẹ lè kọ ọ̀nà tí ẹ gbà débẹ̀ bó bá wù yín. Lórí Facebook, “Igbó Ọmọ” nìkan ti tó. Ẹ má dárúkọ odò tàbí abà tó wà nítòsí, kí ẹ sì rí i pé pátákó tàbí òpó kankan kò hàn lẹ́yìn àwòrán náà. Ohun kan náà ni mo máa ń sọ nípa ìtẹ́ ẹyẹ tí ọmọ wà nínú rẹ̀.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ìjẹ̀bú Igbó

Lórí ọ̀rọ̀ kíkọ, má kọ ọ́ fúnra rẹ. Fi àwọn àwòrán náà han bàbá lójú fóònù, kí o gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, kí o sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú èdè Rẹ́mọ tó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá pe ẹyẹ kan ní orúkọ tí ìwọ kò gbọ́ rí, èyí ni kí ó jẹ́ àkọlé. Bí ìjálá kan bá bọ́ sí wọn lẹ́nu nígbà tí wọ́n rí ojú ẹsẹ̀ erin, fún un ní odindi ojú ìwé. Kí ìwọ wá fi ọjọ́, ibi àti àsìkò sí ìsàlẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké. Inú fáìlì àwòrán ni ọjọ́ náà wà, bí aago fóònù bá ti tọ̀nà nígbà tí a yà á.

Bàbá Atẹ̀wé, Ìjẹ̀bú Òde

Bí ẹ bá parí, PDF ni kí ẹ gbé wá fún atẹ̀wé, kí ẹ sì ní kí ó tẹ ojú ìwé kan péré wò ná, ti lékèélékèé fún àpẹẹrẹ, nítorí ojú kọ̀ǹpútà máa ń tan ìmọ́lẹ̀, ìwé kì í tàn án, àwọ̀ ewé tí ẹ fà lára koríko lè jáde dúdú ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan sórí fláàṣì lọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí kì í gbé inú ilé yín. Ẹ ní kí wọ́n lo ìwé tí kò dán, torí ìwé dídán máa ń ta ìmọ́lẹ̀ padà sí àgbàlagbà lójú, kí ẹ má sì jẹ́ kí lẹ́tà ọ̀rọ̀ bàbá kéré sí ìwọ̀n 14.