Wọ́n ní kí n sanwó títẹ ẹ̀yìn nígbà 24 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Leeds
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú òtútù. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn. Ó ti di ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ti ń dùn mí. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, ẹ sì mọ bó ṣe rí: gbé màmá yìí dìde, yí bàbá yẹn sí ẹ̀gbẹ́, ti hoist, ẹ̀rọ tí a fi ń gbé aláìsàn, lọ, fà á bọ̀. GP, dókítà àdúgbò mi, yẹ̀ mí wò, ó ní kò séwu, ó fún mi ní oògùn ìrora, ó sì ní kí n forúkọ sílẹ̀ fún físíò, àwọn tó ń fi eré ìmárale àti ọwọ́ tọ́jú ara. Ìlà físíò gùn. Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo lọ sọ́dọ̀ chiropractor kan láàárín ìlú, àwọn tó ń fọwọ́ tẹ eegun ẹ̀yìn.

Wọ́n ya X-ray, wọ́n fi hàn mí, wọ́n ní eegun ẹ̀yìn mi mẹ́ta ti yẹ̀ kúrò ní àyè wọn. Wọ́n ní kí n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, wọ́n yí mi, wọ́n tẹ̀ mí, ó ró kọ́kọ́kọ́. Mi ò ní purọ́ fún yín, ara mi fúyẹ́ nígbà tí mo dìde. Mo sùn dáadáa fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ó padà. Mo pè wọ́n, wọ́n ní ìgbà 24 ni mo gbọ́dọ̀ wá kí eegun tó lè jókòó dáadáa, wọ́n ní bí mo bá san gbogbo rẹ̀ pọ̀, àwọn á dín owó kù fún mi. Owó ilé oṣù kan gbáko ni! Wọ́n tún ní ọrùn mi náà fẹ́ títẹ̀. Ìyá mi nílé gbọ́ ọ lórí fóònù, wọ́n figbe ta, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí mi lọ́rùn. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ gba owó. Ṣé kí n san án?

Awakọ̀ Akẹ́rù, Chicago
Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó ṣiṣẹ́ fún èmi, n kò ní pa á mọ́. Ọkọ̀ ẹrù ni mò ń wà, orí ìjókòó ni mo máa ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìgbà kan wà tí ẹ̀yìn mú mi débi pé gígun ọkọ̀ di ogun. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n tẹ̀ mí, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ̀ mí kò gbowó ṣáájú. Ọjọ́ tí mo bá lọ ni mo ń san. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló sì ti sọ pé bí òun kò bá rí ìyàtọ̀ lẹ́yìn ìgbà mẹ́rin, òun á dá mi padà sọ́dọ̀ dókítà.

Físíò Ọmọ Ẹ̀gbá, Manchester
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrora. Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe, èmi náà sì máa ń tẹ ẹ̀yìn àwọn èèyàn nígbà tó bá yẹ, nítorí náà n kò wá bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ owó yìí dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká mú ariwo yẹn. Omi kan tó ń yọ̀ wà nínú oríkèé wa, afẹ́fẹ́ sì wà nínú omi náà, bó ṣe wà nínú ìgò mínírà tí a kò tíì ṣí. Bí a bá fa oríkèé náà lójijì, omi yẹn kò lè yára kún àyè tó ṣí, afẹ́fẹ́ á kó jọ síbẹ̀. Ní 2015 àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà fa ìka èèyàn nínú MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wọ́n sì fojú rí i bí àlàfo náà ṣe ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà tó ró. Ìdí nìyẹn tí oríkèé kan náà kì í fi í tún ró bí nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kò bá tíì kọjá. Eegun tó padà sáyè kọ́ ni ẹ gbọ́.

Eegun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní 1998 àwọn oníwádìí ní Sweden lo irú X-ray kan tó lè wọn ìyípadà tó kéré gan-an, wọ́n wo oríkèé ìbàdí èèyàn mẹ́wàá ṣáájú títẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó fọwọ́ yẹ̀ wọ́n wò ní gbogbo nǹkan ti bọ́ sípò. X-ray ní eegun kò kúrò lójú kan. Mo máa ń ronú sí èyí gan-an, torí ọwọ́ tèmi náà ti sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún mi rí, mo sì gbà á gbọ́.

Èrò pé eegun yẹ̀ ni ó ń fa àìsàn ti pẹ́. Ọdún 1895 ni D. D. Palmer bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní ìlú Davenport, ní Iowa, ní Amẹ́ríkà. Ẹni àkọ́kọ́ tó tẹ̀ ni Harvey Lillard, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń tọ́jú ilé tí Palmer ti ń ṣiṣẹ́, tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa. Palmer ní etí náà ṣí. Láti ibẹ̀ ló ti ń sọ pé inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ àrùn ti ń wá. Ọ̀pọ̀ chiropractor òde òní ti fi ìyẹn sílẹ̀, àwọn kan ò tíì fi í sílẹ̀, ó sì jọ pé irú wọn ni ẹ bá pàdé.

Kí ló wá mú ara yín fúyẹ́? Àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ ni. Títẹ̀ òjijì ń ta wọ́n jí, ẹran ẹ̀yìn tó ti le á dẹ̀ díẹ̀, ọpọlọ á sì fi ìrora mọ níwọ̀n. Bí wọ́n bá fi nǹkan tẹ ara ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lẹ́yìn, ó máa ń gba agbára jù ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó ní ó dun òun. Ìrọ̀rùn òótọ́ ni, ẹ kò tan ara yín jẹ. Àmọ́ kì í pẹ́. Ohun tó sì ń lọ fúnra rẹ̀ báyìí, ìgbà 24 kò lè sọ ọ́ di eegun tó jókòó.

Ní 2017 ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA kó ìwádìí jọ lórí ẹ̀yìn dídùn tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ, irú tiyín yìí: lórí òṣùwọ̀n ìrora tó lọ láti 0 dé 100, títẹ̀ dín ìrora kù ní nǹkan bí àmì 10 ju ohun tí wọ́n fi wé e lọ. Ní 2019, BMJ, ìwé ìròyìn ìṣègùn mìíràn, kó ìwádìí 47 jọ, tó lé ní 9,000 èèyàn, lórí èyí tó ti pẹ́ lára. Títẹ̀ kò yàtọ̀ sí eré ìmárale àti àwọn ìtọ́jú mìíràn tí wọ́n máa ń dámọ̀ràn. Nítorí náà ni NICE, àwọn tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún NHS, ètò ìlera ìjọba UK, fi sọ ní 2016 pé a lè tẹ̀ ẹ́, àmọ́ eré ìmárale gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n tún ní kí a má máa ṣàdédé ya fọ́tò ẹ̀yìn, torí ẹni tí nǹkan kan kò dùn pàápàá, X-ray lè fi hàn pé eegun rẹ̀ ti gbó.

Ṣé wọ́n kọ́ yín ní eré ìmárale kankan?

Ìyá Ìbejì, Leeds
Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ìwé owó nìkan ni wọ́n fún mi.

Nọ́ọ̀sì Pàjáwìrì, London
Ìyá Ìbejì mi, ẹ bá mi kí ìyá yín. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ gba inú ọrùn kọjá. Bí inú rẹ̀ bá ya, ẹ̀jẹ̀ lè dì níbẹ̀, ó sì lè fa rọpárọsẹ̀. Kò wọ́pọ̀, àríyànjiyàn sì wà nípa ohun tó ń fà á, torí ẹni tí iṣan rẹ̀ ti ń ya tẹ́lẹ̀ ni ọrùn máa ń dùn, ìrora yẹn ló sì ń gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, láti 2014 ni American Heart Association ti sọ pé kí wọ́n sọ ọ́ fún èèyàn kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ṣé wọ́n sọ ọ́ fún yín? Ìrora ọrùn tàbí orí tí irú rẹ̀ kò ṣe yín rí, òòyì, rírí nǹkan ní méjì-méjì, ahọ́n tó wúwo: 999 ni kí ẹ pè, ẹ má sùn lé e.

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 2012 lórí ọrùn dídùn, èèyàn 272 ni. Àwọn tí wọ́n tẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12 sàn ju àwọn tó ń lo oògùn lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n kàn kọ́ ní eré ìmárale ẹ̀ẹ̀mejì péré, tí wọ́n ń ṣe é nílé, fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wọn dọ́gba.

Nǹkan kan wà tó jẹ́ tiwa, mo sì bẹ gbogbo yín, ẹ kà á dáadáa. Ẹni tó bá jẹ́ SS, kó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn kí dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ tó mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí kò dé inú eegun ló ń fa ìrora yẹn, ó sì lè ba oríkèé ìbàdí jẹ́. Bákan náà, ikọ́ ẹ̀gbẹ lè wọ ọ̀pá ẹ̀yìn láìsí ikọ́ rárá: bí ẹ̀yìn bá ń dunni lóru, tí èèyàn ń làágùn, tó sì ń rù, àyẹ̀wò ló kàn. Bí itọ̀ kò bá ṣeé tọ̀, tí àárín itan kú tipiri, tàbí tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń yẹ̀, A&E, ibi ìtọ́jú pàjáwìrì, lójú ẹsẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ òru. Mo ti rí ẹni tó fi irú rẹ̀ falẹ̀ di ọjọ́ kẹta. Kò tíì lè tọ̀ fúnra rẹ̀ títí dòní.

Ọmọ Ọ̀yọ́, Houston
Fún ẹ̀yin tí òbí yín wà lórí Medicare, ètò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn àgbàlagbà: Part B rẹ̀ máa ń sanwó fún títẹ ọ̀pá ẹ̀yìn lọ́dọ̀ chiropractor, ìpín 20 nínú 100 ló kù fún yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti san deductible, owó tí ẹ ń kọ́kọ́ san fúnra yín. Kì í sanwó X-ray tí chiropractor bá ní kí wọ́n yà, kì í sanwó ìfọwọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni kì í sanwó fún "ẹ máa wá lóṣooṣù kó má baà padà". Wọ́n gba ìyá mi lówó X-ray kó tó di pé mo mọ̀. Ẹ bi wọ́n kí wọ́n tó ya nǹkan kan.

Físíò Ọmọ Ẹ̀gbá, Manchester
Ìyá Ìbejì, ohun tí mo máa ṣe bí ẹ bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rèé. Òfin 1994 ní UK ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní chiropractor láìsí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé General Chiropractic Council. Ọ̀fẹ́ ni wíwo orúkọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń gba ẹjọ́. Ẹ wò ó. Ẹ má sanwó ṣáájú. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ kò gbà kí wọ́n kan ọrùn yín, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ má sì jáde kúrò lórí ìlà físíò yẹn.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni iṣẹ́ yín. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìjàǹbá níbi iṣẹ́. Láti 1992 ni òfin ti ní kí ọ̀gá wo ewu tó wà nínú ẹrù gbígbé, èèyàn tí ẹ ń gbé wà lára rẹ̀. Ẹni tó ń dá gbé èèyàn dìde ní ẹ̀ẹ̀mejìlá lóòjọ́, bí a tẹ̀ ẹ́ lówùúrọ̀, iṣẹ́ á bà á jẹ́ lálẹ́. Mo ti fi eré ìmárale mẹ́ta ránṣẹ́ sí yín ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ máa rìn pẹ̀lú, ẹ má dùbúlẹ̀ tì í.

Ìyá Ìbejì, Leeds
Ẹ kú àdúró ti mi o. Ọjọ́ Ẹtì ti kọjá, n kò san án. Mo rí orúkọ ọkùnrin náà nínú ìwé wọn, nítorí náà oníṣẹ́ òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè ewu ọrùn, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ọkàn mi sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá mi. Láti ọjọ́ Ajé, èèyàn méjì la ó máa wà nídìí hoist. Mo ti ń ṣe eré ìmárale náà, àárọ̀ ṣì le, ọ̀sán ti sàn. Ẹ̀gbọ́n Físíò, èyí tí mo ti ń fa orúnkún mọ́ àyà, ṣé kí n máa ṣe é kí n tó lọ síbi iṣẹ́ ni, àbí tí mo bá dé?

Físíò Ọmọ Ẹ̀gbá, Manchester
Ìgbà méjèèjì. Lówùúrọ̀, ẹ kọ́kọ́ rìn yíká ilé fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ara gbóná, kí ẹ tó fà á. Bó bá ta sí ẹsẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró kí ẹ sì pè mí.