"Oyin ẹhànnà" kẹ̀? Oyin ìgbẹ́ ni o

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ ìtumọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn lánàá. Ibo lẹ ti rí "oyin ẹhànnà" tẹ́ ẹ kọ sínú àkójọ ọ̀rọ̀ yín, tẹ́ ẹ fi ń pe oyin tó ń gbé inú ihò igi, tí ò sẹ́ni tó ń sìn ín? Ẹhànnà, ìwà ni. Ẹni tó bá ń hùwà ẹhànnà, oníjàgídíjàgan ni, màmá àgbà tó tọ́ mi dàgbà ò jẹ́ fi ọ̀rọ̀ yẹn pe ohun tí ò ṣe é níbi. Oyin inú igi àti oyin inú àpótí táwọn èèyàn ń sìn, ẹ̀yà kan náà táwọn onímọ̀ ń pè ní Apis mellifera ni wọ́n, oró kan náà ló wà nídìí wọn, tí ti inú àpótí bá sì ṣí lọ́la tó lọ wọ ihò igi, ṣé ọjọ́ yẹn ló wá di ẹhànnà?

Ẹ ní "ìgbẹ́" lè mú kéèyàn rántí ìgbọ̀nsẹ̀. Háà! Ta ló ń gbọ́ "ẹran ìgbẹ́" tó ń rò ó bẹ́ẹ̀?

Èyí tó dùn mí jù ni pé inú ìgbẹ́ yẹn gan-an ni ìmọ̀ ọ̀rọ̀ náà wà. Thomas Seeley, onímọ̀ nípa oyin, ka ilé oyin nínú igbó Arnot, ní ìpínlẹ̀ New York, lọ́dún 1978. Wọ́n rí Varroa, kòkòrò kékeré tó ń lẹ̀ mọ́ oyin lára tó sì ń jẹ ẹ́, ní Amẹ́ríkà ní 1987, ó sì pa oyin rẹpẹtẹ, àmọ́ nígbà tó tún kà wọ́n ní 2002, iye ilé oyin ibẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ìran wọn ti yí padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbé: ihò igi kéré, ó tètè ń kún, ayaba àtijọ́ á kó ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣí lọ, kí ayaba tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin kò ní sí ọmọ nínú afárá fúngbà díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ ọmọ oyin tí wọ́n ti fi ìda dé mọ́nú afárá nìkan ni Varroa ti ń bímọ. Ilé kan sí èkejì tún tó nǹkan bíi kìlómítà kan, kì í ṣe bí àpótí tí wọ́n tò gbá ara wọn, tí àìsàn ń ti ọ̀kan bọ́ sí ìkejì. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ibùgbé wà lára ohun tó ń dá àwọn oyin yìí sí, ẹ wá lọ fi ìwà sọ wọ́n lórúkọ!

Ẹ tún pe Varroa ní "iná oyin". Ẹsẹ̀ 6 ni iná orí ní, Varroa ní 8, ẹbí eégbọn ni. Eégbọn oyin lèmi ń pè é. Ìwọ àbúrò tó o dá sí ọ̀rọ̀ yìí, tó o ní ẹ̀jẹ̀ leégbọn ń mu, àmọ́ ìwádìí 2019 ti fi hàn pé ọ̀rá ara oyin ni Varroa ń jẹ, mo gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ fọ́ "eégbọn" sí wẹ́wẹ́ kó o fi ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀ hàn mí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ẹhànnà yẹn kúrò nínú àkójọ ọ̀rọ̀ yín káwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó há a sórí.