Ẹ̀yin olùtọ́jú server ilé ìwé, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Bàbá Server

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tá a jọ ń jẹun nídìí server, kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ilé ìwé ń gbé inú rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó wá ṣe IT lọ́dọ̀ wa bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Sà, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ṣe sínú ìwé, bí ìyá ọlọ́jà tó ń kọ gbèsè oníbàárà?" Ẹ̀rín pa mí. Bí mo ṣe di akọ̀wé gbèsè ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin náà, ẹ sọ tiyín.

Ọdún 2006 ni wọ́n fa ìkànnì kọ́lẹ́ẹ̀jì wa lé mi lọ́wọ́. Ohun tá à ń pè ní server nígbà náà, kọ̀ǹpútà orí tábìlì lásán ni. Abẹ́ tábìlì ọ̀gá mi ló ń gbé, wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn lórí pé "Ẹ MÁ PA Á." Red Hat Linux 9, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló wà lórí rẹ̀, èyí tí Red Hat fúnra wọn ti ṣíwọ́ àtúnṣe rẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún 2004. Ọ̀gá mi ń fẹ̀yìn tì. Ó kọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé sẹ́yìn káàdì ìgbéyàwó kan, ó nà án sí mi, ó ní kí n máa ṣe é jẹ́jẹ́. Gbogbo ètò ìfàlélọ́wọ́ náà nìyẹn.

Fún ọdún mẹ́ta, kò sí wàhálà tó ju ti iná àti òjò lọ. Ti iná, ta ni ò mọ̀ ọ́n? NEPA á mú un lọ, UPS á ké fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ó máa sáré wá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ jẹnẹrétọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ti òjò ló le ṣàlàyé fáwọn èèyàn. Àwo VSAT tó ń kọjú sí sátẹ́láìtì la fi ń gba íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà bí òjò bá ti ṣú dáadáa, ìkànnì wa náà ṣú nìyẹn. Òbí á pè láti Ìbàdàn pé ojúùwé ò ṣí, a ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òjò dá ná.

Ọdún 2009 ni ọmọńlé kan wọ inú páàwà kọ̀ǹpútà náà lóru. Ó kú síbẹ̀, ó sì mú kọ̀ǹpútà dání lọ. Wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun fún wa, server gidi lọ́tẹ̀ yìí. Mo fi CentOS 5, ètò irú ti Red Hat, sí i, mo yọ hard disk ti àtijọ́, mo kó fáìlì wá. Ìkànnì gbéra, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọ̀gá ẹ̀ka ìdánwò wọlé tọ̀ mí wá: èsì tó máa ń jáde láràárọ̀ kò jáde mọ́. Mo wo Apache tó ń gbé ojúùwé jáde, kò ṣe nǹkan. Mo wo MySQL tó ń tọ́jú àkójọ àkọsílẹ̀ wa (database), ara rẹ̀ le. Mo wá a títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó kù díẹ̀ kí n sunkún níbi iṣẹ́.

Ni mo bá gun ọ̀kadà lọ bá ọ̀gá mi lóko. Ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo rò ó fún wọn. Wọn ò tilẹ̀ gbé ọkọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé o kó crontab mi?" Háà! Mo kó /home, mo kó /var/www, mo kó database. Crontab, ìwé tá a ń kọ iṣẹ́ tí server máa ṣe fúnra rẹ̀ lákòókò rẹ̀ sí, inú /var/spool/cron ló ń gbé, mi ò sì débẹ̀ rárá. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ síbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé server náà kalẹ̀, agogo méjì òru ló sì máa ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ yàtọ̀ sí wọn. Wọ́n di ẹ̀gẹ́ fún mi lọ sílé, wọ́n ní kí n kí ìyàwó mi. Kí n tó dé ilé, mo yà sọ́jà, mo ra ìwé ẹlẹ́yìn líle.

Ìwé náà ló yọ mí lọ́dún 2019. Àtúnṣe PHP 5.6, èdè tá a fi kọ ìkànnì wa, ti parí ní oṣù kejìlá ọdún 2018, mo wá ní kí n gbé wa lọ sórí PHP 7. Kọ́ńtírátọ̀ tó kọ pọ́tà ìgbaniwọlé wa ti fi mysql_query, àṣẹ tó ń bá MySQL sọ̀rọ̀, kún gbogbo inú rẹ̀, PHP 7 sì ti lé mysql_query jáde láti ọdún 2015. Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí orúkọ àwọn tó wọlé jáde ni mo yí i (ẹ má bú mi, mo ti bú ara mi). Ojúùwé funfun báláú. Ṣùgbọ́n gbogbo àṣẹ tí mo tẹ̀ ló wà nínú ìwé, mo sì ń tẹ̀lé e padà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè títí ìkànnì fi ṣí. Ó gba oṣù méjì kí n tó fi mysqli, àṣẹ tuntun, rọ́pò mysql_query níbi tó lé ní igba.

Ti CentOS 8, mi ò fẹ́ sọ púpọ̀. Mo gbé e kalẹ̀ ní ọdún 2020, pẹ̀lú ìlérí pé á gbé wa dé 2029. Oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà ni wọ́n kéde pé òpin 2021 ló ń kú. AlmaLinux tá a fi rọ́pò rẹ̀ la wà báyìí.

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú ìrọ́jú o, bọ̀dá. Ti ọmọńlé yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí.

Ẹ̀ka àkọsílẹ̀ ni mo wà ní ilé ìwé tèmi. Olùkọ́ èdè Yorùbá kan wà lọ́dọ̀ wa, màmá àgbàlagbà, tí wọn kì í gbà kí ẹnikẹ́ni kọ orúkọ ọmọ láìfi àmì sí i. Wọ́n jókòó tì wá fún sáà kan gbáko, a tẹ orúkọ gbogbo kíláàsì wọn bó ṣe yẹ. Nígbà tó yá, a kó database láti server kan sí òmíràn. Tiwa tẹ́lẹ̀ jẹ́ UTF-8, ọ̀nà ìkọ lẹ́tà sínú kọ̀ǹpútà tó mọ àmì Yorùbá, ti tuntun, ẹni tó gbé e kalẹ̀ fi í sílẹ̀ bí MySQL ṣe bá a wá, latin1. Ọ̀nà tí àwọn ará Sweden ń gbà to álífábẹ́ẹ̀tì ló sì ń bá latin1 yẹn rìn, ẹ̀yin ẹ wò ó, a ń fi àṣà Sweden to orúkọ ọmọ Ìjẹ̀bú!

Latin1 mọ á, ó mọ ù, ó mọ í. Kò mọ ẹ, kò mọ ọ, kò mọ ṣ. Ọláṣùbọ̀mí di "?lá?ùb??mí". Ẹ ka àmì ìbéèrè yẹn dáadáa: ọ̀ tó wà láàárín ní méjì, torí ohun tí ojú wa ń rí bí ẹyọ kan, méjì ni lójú kọ̀ǹpútà, ọ lọ́tọ̀, àmì orí rẹ̀ lọ́tọ̀. Kò sì sí bá a ṣe lè dá a padà láti inú ibẹ̀, àmì ìbéèrè ti jẹ lẹ́tà náà tán. Ẹ̀dà ìpamọ́ tó wà nínú fláàṣì màmá náà ló kó wa yọ. Mo tún database náà dá, mo fi utf8mb4, UTF-8 kíkún ti MySQL, sí i, mo kó orúkọ padà. Láti MySQL 8.0 ọdún 2018, utf8mb4 ni wọ́n ń bá a wá, ṣùgbọ́n àwọn tábìlì àtijọ́ kì í yí padà fúnra wọn o.

Oníwáyà

Tèmi kò gùn. Ìwé ẹ̀rí Let's Encrypt wa, tó ń fi han Chrome àtàwọn bíi rẹ̀ pé ìkànnì wa gan-an ni wọ́n dé, àádọ́rùn-ún ọjọ́ péré ló ń lò nígbà náà, ó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan lọ́dọ̀ wa wá ti port 80, ilẹ̀kùn kan tí wọ́n ń gbà wọ server láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní ààbò ni. Port 80 yẹn gan-an ni Let's Encrypt ń gbà yẹ ìkànnì wa wò kó tó tún ìwé ẹ̀rí náà ṣe! Kò sẹ́ni tó rántí títí ọjọ́ fi pé. Àwọn òbí rí ìkìlọ̀ pupa lórí Chrome, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀gá àgbà pé àwọn ọmọ Yahoo ti gba ìkànnì yín. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń san owó ilé ìwé! Bọ́sà wa kò tíì dárí jì mí.

Ọmọ Ìlá

Ẹ̀yin ṣì ní server tẹ́ ẹ lè fọwọ́ kàn. Tiwa, orúkọ ìkànnì gan-an ló kú. Email ẹni tó forúkọ ìkànnì sílẹ̀ nígbà náà ni ìránnilétí pé ká san owó rẹ̀ ń lọ, ó sì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́, ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé email ọ̀hún. Ọjọ́ mọ́kànlá la fi kọ lẹ́tà, tá a fi òǹtẹ̀ lù ú, kí wọ́n tó gbà pé àwa la ni ara wa.

Bàbá Server

Ìyá Ìbejì, ẹ ti dá mi lóorun. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ database wa láti wo iye orúkọ tó ní àmì ìbéèrè nínú. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Mo wá rántí pé èmi náà gba dípúlómà níbí, mo wo tèmi. Orúkọ bàbá mi ti di "?m?t????".