Aago 10 alẹ́ ní Uppsala

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè ibi tí tọkọtaya lè lọ fún ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ gbèsè, ẹ jẹ́ n sọ tiwa. Ọdún kẹwàá ìgbéyàwó wa ni. Àbúrò ìyàwó mi ní òun á bá wa mójú tó àwọn ìbejì ní Lọ́ńdọ̀nù, láti Fráìdé sí Sọ́ńdè péré. Èmi ní ká lọ sí Stockholm, olú ìlú Sweden. Màmá Ìbejì ní Uppsala ló wu òun, ìlú mìíràn ní Sweden níbẹ̀ tí yunifásítì ti wà láti ọdún 1477. Ẹ mọ ẹni tó borí.

Ẹ má kọ́kọ́ gba Stockholm lọ o. Pápákọ̀ òfurufú Arlanda wà láàárín ìlú méjèèjì, ọkọ̀ ojú irin láti abẹ́ ibẹ̀ dé Uppsala kò gbà tó ìṣẹ́jú 30. Àmọ́ owó kan wà lọ́tọ̀ tí wọ́n ń gbà lórí ibùdókọ̀ yẹn. Ìgbà tí mo san án tán ni mo tó mọ̀. Bọ́ọ̀sì ń pẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò sí owó yẹn níbẹ̀. Òun la wọ̀ nígbà tá à ń bọ̀. Krona, owó Sweden, tí mo pààrọ̀ sápò láti ilé ńkọ́? Bó ṣe lọ ló ṣe bọ̀. Káàdì ni gbogbo nǹkan.

Yàrá wa wà ní Flogsta, àdúgbò kan ní Uppsala, torí pé owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Mi ò mọ̀ pé àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni. Alẹ́ Fráìdé, aago 10, ojú ọjọ́ ò tíì ṣú tán (oṣù karùn-ún ni), ariwo ṣàdédé sọ láti gbogbo wíńdò ilé gogoro tó yí wa ká, tọkùnrin tobìnrin ń ké bí ẹni tí wọ́n ń pa. Màmá Ìbejì fò sókè lórí bẹ́ẹ̀dì: "Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Bàbá Ìbejì, ẹ tilẹ̀kùn!" Ó ti tì tẹ́lẹ̀. Kò pẹ́, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ wẹ́lo. Onílé ló wá ṣàlàyé lórí fóònù pé alaalẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, kí ìnira ìwé kíkà lè kúrò lára wọn.

Láàárọ̀ Sátidé, a lọ sí kàtídírà. Mítà 118.7 ló ga, kò sì sí ṣọ́ọ̀ṣì tó ga tó o ní gbogbo agbègbè ibẹ̀ títí dé Nọ́wè àti Dẹ́ńmáàkì. A ò san kọ́bọ̀ ká tó wọlé. Lórí ibojì Ọba Gustav Vasa, wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀ sáàárín ìyàwó méjì. Ìyàwó mi wò ó, ó wò mí. "Ẹ má wulẹ̀ kọ́ nǹkan kan níbí o."

Mo fẹ́ ra wáìnì láti fi tù ú lójú. Ṣọ́ọ̀bù ìjọba ni wọ́n ti ń rà á lọ sílé lọ́hùn-ún. Sátidé, aago 3 ọ̀sán ni wọ́n ń tì, Sọ́ńdè, wọn kì í ṣí rárá. Aago 3 kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo débẹ̀. Omi ọsàn la mu.

Nígbà tó di aago 10 ku ìṣẹ́jú méjì lálẹ́ ọjọ́ náà, Màmá Ìbejì ti ṣí wíńdò sílẹ̀, ó ń tún ọ̀fun ṣe.