Lórí receptor: adámọ̀ dára, àbímọ́ ni kò bá a mu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Ẹ̀gbọ́n tó ń túmọ̀ ìtàn iṣẹ́ Susumu Tonegawa, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Japan, sí Yorùbá béèrè lánàá bóyá kí òun pe receptor, ohun tó wà lára sẹ́ẹ̀lì tó ń dá nǹkan mọ̀, ní olùgbàlejò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbàlejò á bu omi fún un, á ní kó jókòó. Èyí tó wà lára sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara kì í gbàlejò. Ojú àlejò ló ń wò. Tó bá ti dá a mọ̀ pé ọ̀tá ni, ogun dé nìyẹn. Ẹnìkan dábàá adámọ̀, èmi náà sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àmì ohùn ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Bẹ́ ẹ bá kọ ọ́ láìfàmì sí i, ọ̀pọ̀ ló máa kà á sí àdámọ́, ohun tí Ọlọ́run dá mọ́ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí Tonegawa fi hàn ayé ni pé odindi rẹ̀ kì í ṣe àdámọ́ rárá.

Ibẹ̀ gan-an ni ìjà mi wà. Àbímọ́ ni ẹ̀gbọ́n ń pe gene (jíìnì, ìlànà tí ara ń tẹ̀ lé, tí òbí fi ń ran ọmọ) jálẹ̀ iṣẹ́ náà. Ó dùn létí, ó sì bá ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara àti gíga ènìyàn mu. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọmọ bíbí Nagoya yìí àti Nobumichi Hozumi ṣe ní Basel, ní Swítsàlandì, ní 1976. Wọ́n yọ DNA, okùn inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé jíìnì, lára ọlẹ̀ eku, wọ́n tún yọ ọ́ lára jẹjẹrẹ eku tó ń pèsè antibody, irú adámọ̀ tí sẹ́ẹ̀lì ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n fi ẹ́ńsáìmù gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Nínú ti ọlẹ̀, apá méjèèjì jíìnì tí wọ́n ń wá wà lórí ègé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ti jẹjẹrẹ, orí ègé kan ṣoṣo ni wọ́n wà. Àṣé sẹ́ẹ̀lì ti gé DNA ara rẹ̀, ó sì ti rán an pọ̀!

Ìyá mi máa ń tẹ́ aṣọ òfì tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sórí ẹní, á mú ọ̀kan níhìn-ín, á mú ọ̀kan lọ́hùn-ún, á rán wọn pọ̀. Orí ẹní kan náà ni ìró méjì tí kò jọra ti ń jáde. Bí nǹkan bí 20,000 jíìnì tí ènìyàn ní ṣe ń dá àìmọye ọ̀tá mọ̀ nìyẹn: awẹ́ V, awẹ́ D, awẹ́ J (orúkọ oríṣi awẹ́ jíìnì ni wọ́n), ẹ mú kan, ẹ rán an mọ́ èkejì. Awẹ́ nìkan ni wọ́n bí mọ́ni.

Nítorí náà, jíìnì ni kí ẹ̀gbọ́n kọ, kó fi awẹ́ àti ìránpọ̀ kún un. Ẹnìkan ní obì ló ni awẹ́. Ta ni ìyẹn dí lọ́wọ́?

Ìyókù kò le: Tonegawa kó lọ sí MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ní 1981, wọ́n rí jíìnì tí wọ́n ń pè ní gamma, ti adámọ̀ sẹ́ẹ̀lì T (irú sẹ́ẹ̀lì kan tó ń gbèjà ara), níbẹ̀ ní 1984, òun nìkan ló sì gba ẹ̀bùn Nobel ti ìṣègùn ní 1987. Lẹ́yìn náà ló yà sídìí ọpọlọ, ó ń wádìí bí a ṣe ń rántí nǹkan. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ̀gbọ́n, iyè ni kẹ́ ẹ kọ o, kì í ṣe ìyè.